Odò Wa Ló Gba Ipò Kìíní

Nígbà tí Ẹja wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sẹ́ni tó lè bá a lúwẹ̀ẹ́ kó má gbẹ̀yìn. Kóòṣì rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Nígbà tó yá, ó lọ kọ́ ìmọ̀ nípa àyíká, ó sì di ọ̀gá ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ omi wò. Kóòṣì ò tíì dárí èyí jì í títí dòní. Ṣùgbọ́n Ẹja ti ránṣẹ́ pè é, nítorí ní Sátidé yìí àwọn ọmọ kéékèèké fẹ́ díje nínú odò, Kóòṣì tó ń kọ́ wọn nìkan ló sì lè dá ìdíje náà dúró.

“Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wo àwo méjì yìí.”

“Mo ti wò ó. Kò sóúnjẹ nínú ẹ̀.”

“Omi odò la kán sí i, sà. Gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti rí tótòòtó, kòkòrò àìsàn ló ń gbé níbẹ̀. Èyí ni ti odò ìlú kejì. Èyí ni tiwa.”

Kóòṣì gbé àwo méjèèjì sójú fèrèsé. Ó wo tibí, ó wo tọ̀hún, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

“Tiwa ló pọ̀ jù! A nà wọ́n!”

“Ìdọ̀tí ni, sà.”

“Ìdọ̀tí tó bá gba ipò kìíní, ipò kìíní náà ni. Ó ti pẹ́ tá a ti ń wá bá a ṣe máa borí àwọn ará ọ̀hún.”

“Nínú èyí, ẹni tó kéré jù ló borí.”

“Irú ìdíje wo nìyẹn? Ẹ̀yin onísáyẹ́ǹsì, ẹ ti fi ìwé ba ayé jẹ́.”

Inú ń bí Ẹja, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ni lúwẹ̀ẹ́ kọjá ẹni à ń jágbe mọ́.

“Ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó wà lókè odò ló fà á, sà.”

“Àwọn onígbọ̀wọ́ wa! Báwo ni ọṣẹ ṣe máa ba omi jẹ́? Wọ́n ń bá wa fọ odò ni.”

“Kì í ṣe ọṣẹ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ni. Inú odò ló ń dà sí.”

“Ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn tó ń ṣe ọṣẹ! Èyí tó mọ́ jù láyé nìyẹn.”

“Àwọn ọmọ máa gbé e mì, Kóòṣì! Inú á máa run wọ́n!”

“Ẹni tí inú ń run kì í pẹ́ lómi. Wàá rí bí wọn á ṣe yára tó!”

Omi fẹ́ bọ́ lójú Ẹja. Ọmọ àbúrò rẹ̀ wà lára àwọn tó fẹ́ díje. Ó mí kanlẹ̀, ó yí ohùn padà.

“Ó dáa, sà. Wọ́n á sì borí.”

“Wọ́n á borí ni!”

“Inú wọn á dùn. Wọ́n á gbé yín lé èjìká.”

“Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.”

“Wọ́n á wá gbé yín jù sódò, taṣọ-tabàtà, bí gbogbo ẹgbẹ́ tó borí ṣe máa ń ṣe fún kóòṣì wọn.”

Kóòṣì wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Nígbà tiwa, sà, ṣebí ẹ mumi yó ni.”

“Timú tẹnu.” Ojú rẹ̀ padà sórí àwo. “Ẹja, àwọn tótòòtó yìí, ṣé wọ́n ń gba imú wọlé?”

“Imú, ẹnu, etí. Wọn kì í yan ọ̀nà, sà.”

Kóòṣì fa fóònù yọ.

“Ọ̀gá ọlọ́ṣẹ, mo ti fagi lé ìdíje yẹn! Ẹnikẹ́ni ò ní gbé mi jù sínú ìgbọ̀nsẹ̀ yín! Ẹ lọ tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín ṣe kẹ́ ẹ tó pa ọmọ ọlọ́mọ!” Ó tẹ́tí sílẹ̀ díẹ̀, ó wá fọwọ́ bo fóònù. “Ó ní ká jẹ́ kó wáyé. Ó ní òun á dúró tì mí fúnra òun, ẹnikẹ́ni ò ní gbé mi jù sómi.”

Ẹja sún mọ́ ọn.

“Kóòṣì, ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ borí, ṣé ó ti gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu rí?”

Kóòṣì ronú sí i. Ó dìde, ó nàró ṣánṣán, ó gbé fóònù padà sétí.

“Rárá o, ọ̀gá! Ṣé ẹ rò pé torí ara mi ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni? Ìlera àwọn ọmọ wa ló ká mi lára! Ẹ bá wọn wá odò mìíràn tó mọ́, tí kò jìn ju orúnkún lọ. Orúnkún tèmi!”