Fíìmù Ṣáínà Tí Mo Túmọ̀ fún Alhájà

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ di arúgbó kùjọ́kùjọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo jókòó sí pálọ̀ àwọn Ràṣídì ní Ungwan Dosa ní Kaduna, tí mò ń túmọ̀ fíìmù àwọn ará Ṣáínà sí Yorùbá, èmi tí mi ò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" àti "ẹ ṣeun" lọ nínú èdè wọn.

Ràṣídì ló fà á. A ti ń fẹ́ra wa bọ̀ tipẹ́ nígbà yẹn. Kamazou lọ́hùn-ún làwọn òbí mi ń gbé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ni wá. Mùsùlùmí ni tiwọn. Ẹni tó bá mọ Kaduna á mọ̀ pé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ gba sùúrù. Bàbá rẹ̀ ní òun ò ní wàhálà, ṣùgbọ́n bí Alhájà ò bá fọwọ́ sí i, kò sóhun tóun lè ṣe. Alhájà ni ìyá bàbá rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ta àǹkárá ní Kaduna kí wọ́n tó bí èyíkéyìí nínú wa. Wọ́n ní kí n wá kí àwọn. Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yẹ̀ mí wò ni.

Kí n tó débẹ̀, Ràṣídì ti lọ polówó mi. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó ń ṣe ojú irin ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń tọ́jú ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí. Ó bá sọ fún Alhájà pé, "Ó ń gbọ́ Ṣáínà bí ẹní ń mu kunu." Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó ń rò.

Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. "Sannu da zuwa, àlejò wa," ni Alhájà wí. Àlejò! Inú mi ò dùn sí i, torí Ràṣídì ti sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun mú àfẹ́sọ́nà tirẹ̀ wálé, "ìyàwó mi" ni Alhájà pè é kó tó jókòó.

Mo mu zobo tí wọ́n gbé fún mi tán, Alhájà ti síídì fíìmù Ṣáínà kan bọ ẹ̀rọ, wọ́n nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n. "Wọ́n ní o ń gbọ́ Ṣáínà. Jókòó tì mí, kó o máa sọ ohun tí wọ́n ń sọ fún mi. Mo fẹ́ràn obìnrin ọlọ́pàá yẹn gan-an."

Mo wo Ràṣídì. Ràṣídì ń wo àjà. Bí mo bá ní mi ò gbọ́, ọmọ wọn di òpùrọ́ lójú wọn. Mo jókòó.

Mo kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n bóyá mo máa rí òyìnbó kà, àkọsílẹ̀ Ṣáínà ló kún ibẹ̀. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rọrùn. Obìnrin ọlọ́pàá náà ń fò láti orí òrùlé kan bọ́ sórí òmíràn, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá àwọn olè ṣubú, ó sì ń pariwo. "Ó ní kí wọ́n dúró, pé wọ́n ti dáràn," ni mo wí. Alhájà mirí. Nígbà tí wọ́n yìnbọn lu ọ̀gá àwọn olè, mo ní ó ti kú. "Inna lillahi," ni Alhájà wí. Ara mi wá balẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ sí i. Arẹwà ọkùnrin kan gbé oúnjẹ wá fún obìnrin náà. Mo ní àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá kan náà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ nítorí màmá wọn.

"Ọmọ dáadáa," ni Alhájà wí.

Kò pẹ́ tí ọmọ dáadáa gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ra, tó fẹnu kò ó lẹ́nu.

"Aúsùbílláhì!" Alhájà fi ìborùn bojú. "Ọmọ ìyá kan náà?"

Mo yára dá a. "Ẹ má bínú mà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́ ni. Ìyá wọn gbà á tọ́ ni."

"Ta ló wá bí i?"

"Ọ̀gá àwọn olè yẹn ni mà."

Àṣé ọ̀gá àwọn olè tí mo ti pa ò kú. Ó dìde, ó ń jà fitafita. "Ṣé kì í ṣe òkú yẹn nìyí?" ni Alhájà bi mí. Mo ní ìbejì rẹ̀ ni. Ràṣídì bá dìde, ó ní òun ń lọ ṣàlùwàlá, bẹ́ẹ̀ àsìkò ìrun ò tíì tó. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn fèrèsé.

Nígbà tó yá, obìnrin ọlọ́pàá jókòó sétí omi, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún. Irọ́ ti tán lẹ́nu mi. "Kí ló ń sọ?" Mo ní, "Ó ní òun fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ilé tí wọ́n ti jáde ò jọra, òun ò sì mọ bóun ṣe máa bẹ àwọn àgbà kí wọ́n gba òun." Omi dé sójú mi.

Alhájà gbé rìmóòtù, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. "Mo ti wo fíìmù yìí, èyí tí wọ́n fi Hausa túmọ̀. Kò sí ìbejì kankan níbẹ̀. Torí ìbọn rẹ̀ tó sọnù ló ṣe ń sunkún létí omi yẹn."

Ìtìjú bò mí. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ foríjì mí, mà. Mi ò gbọ́ Ṣáínà rárá."

"Mo mọ̀. Ràṣídì ò mọ irọ́ pa láti kékeré. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lábẹ́ ìborùn." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí lójú. "Èyí tó o sọ gbẹ̀yìn yẹn, òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni mà."

"To. Dìde ńlẹ̀, ìyàwó mi. Lọ pe ọ̀dẹ̀ yẹn wọlé kó wá jẹun."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo fi síídì náà, tí mo yá lọ́wọ́ Alhájà, han ará Ṣáínà kan níbi iṣẹ́ wa. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní èdè àwọn ará gúúsù wọn ni, òun gan-an ò gbọ́ ọ, àkọsílẹ̀ ìsàlẹ̀ lòun máa ń kà.

Látìgbà yẹn, ohun tí mi ò bá gbọ́, mo ń sọ pé mi ò gbọ́, kódà bí ọkọ mi ti polówó mi tán. Àfi lọ́dọ̀ Alhájà. Bá a bá ti lọ kí wọn, wọ́n á tan fíìmù, wọ́n á ní, "Ìyàwó mi, wá túmọ̀ fún mi. Má sì gbàgbé ìbejì o." Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo máa ń fi ìbejì sí i.