Owó Estonia Tí Adékọ́lá Fi Tọ́kì Gbà

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa ní Springdale ní Amẹ́ríkà, tó so awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá mọ́ ọrùn, tó sì ń fi í yẹ búrẹ́dì Ìdàpọ̀ Mímọ́ wò kó tó jẹ ẹ́, ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Adékọ́lá ni.

Adékọ́lá ọ̀mọ̀ràn, àjànàkú owó àtijọ́, a-mọ-owó-ìlú-tí-kò-dé-rí! Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Beltsville ló ti ń ṣe ọ̀gá, ṣùgbọ́n bí o bá kí i láìfi "Ọ̀jọ̀gbọ́n" kún un, kò ní gbọ́. Fídíò orí fóònù ló kọ́ ọ ní gbogbo ohun tó mọ̀ nípa owó àtijọ́. Èyí tó bá sì ti gùn, kì í wò ó tán.

Owó Estonia ló wá sọ ọ́ di ẹni tí kò rí ilẹ̀ mọ́. Estonia jẹ́ orílẹ̀-èdè kékeré kan ní òkè Yúróòpù. Ó gba òmìnira nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń parí lọ, ó sì ń tẹ owó tirẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún kí Rọ́ṣíà tó gbà á. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ kì í fi owó ìgbà náà ṣeré rárá.

Níbo ni Adékọ́lá ti rí i? Ilé Màmá Felicia ni, opó kan ní Camp Springs. Ọkọ wọn, olóògbé Adébọ̀wálé, ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kó àwọn owó náà jọ. Nígbà tó kú, màmá ránṣẹ́ sí ọ̀mọ̀ràn ìjọ.

"Adékọ́lá, ọmọ mi, ṣé nǹkan gidi ni àwọn wọ̀nyí?"

Adékọ́lá gbé awò sójú. Ọkàn rẹ̀ fò sókè, ṣùgbọ́n ó fajú ro bí ẹni tó rí èèpo ẹ̀pà.

"Màmá, bébà lásán ni. Wọn ò ná an mọ́. Ẹ jẹ́ n bá yín kó o kúrò nílẹ̀, kó má baà máa kó eruku jọ."

Ojú tì í díẹ̀ ṣá. Lọ́jọ́ kejì ó gbé tọ́kì dídì kan, ìyẹn tòlótòló, wá fún màmá, èyí tí ilé iṣẹ́ wọn pín lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún ìdúpẹ́ Thanksgiving. Màmá ṣàdúrà fún un títí ó fi dé ìdí mọ́tò.

Nígbà tó ṣe, Bàbá Ìjọ wa fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ìbàdàn, àga rẹ̀ sì ṣófo. Oyè yìí ti ń dá Adékọ́lá lọ́rùn tipẹ́. Ó dìde nínú ìpàdé.

"Ẹ̀yin ará, àwọn owó kan wà tí èmi fúnra mi ṣàwárí. Ẹyọ kan péré nínú wọn á ra bọ́ọ̀sì fún àwọn àgbà tí kò lè wakọ̀ mọ́."

Fíkà, àlùfáà wa, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa, Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kí bọ́ọ̀sì kọ́kọ́ dé, oyè á tẹ̀lé e."

Wọ́n fàdéhùn sí i pé kí òyìnbó kan tó mọ̀ nípa owó àtijọ́ wá wò ó níwájú gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Àìkú, kó sì rà á bó bá wù ú. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, Adékọ́lá ti ní kí wọ́n rán fìlà oyè. Ó ń juwọ́ sí ara rẹ̀ nínú dígí.

Lọ́sàn-án Sátidé, Délọ́lá ìyàwó rẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́, ó bá owó lórí okùn ìsáṣọ.

"Daddy Tòkunbọ̀, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mo ń fọ owó."

"Ẹ̀ ń fọ kí ni?"

"Ṣé o ò rí i bó ṣe dọ̀tí ni? It's all about presentation! Ta ló ń fi owó jákujàku ṣe ìdúpẹ́? Nílé, tó bá di ọjọ́ ayẹyẹ, ṣebí owó mint la máa ń wá lọ sọ́dọ̀ àwọn ará báńkì. Bí owó bá ṣe le tó ni iyì rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó."

"Ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ nínú fídíò yẹn?"

"Fídíò yẹn ti gùn jù."

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Adékọ́lá ò tiẹ̀ wo bí áyọ́ọ̀nù ṣe gbóná tó. Ó po sítáàṣì tó fi ń tọ́jú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi pa àwọn owó náà lára, ó sì lọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó gbé ìtí ọkà dání lára ọ̀kan na gbọnrangandan. Olùṣọ́ àgùntàn tó ń fọn ìwo lára òmíràn le bí pákó.

Ọjọ́ Àìkú dé. Aaron ni orúkọ òyìnbó náà, ẹni pẹ̀lẹ́ tí kì í yára sọ̀rọ̀. Fíkà dúró tì í láti máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn àgbà. Aaron mú owó kan, ó gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wá wo Adékọ́lá.

Fíkà ní, "Ó ń béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe bá a."

Adékọ́lá dìde kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́. "Rárá o! I did it myself! Mo fọ̀ ọ́, mo fi sítáàṣì sí i, mo sì lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì! Ẹ fọwọ́ kàn án, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!"

Ó pàtẹ́wọ́, àwọn kan sì bá a pa á. Aaron ò pàtẹ́wọ́. Ó rọra sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà gùn, fíkà sì bọ́ awò ojú rẹ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, ó ní bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ àti bó ṣe gbó ni àwọn tó ń rà á ń wò. Ó ní ẹni tó bá fọ owó àtijọ́, tó tún wá lọ̀ ọ́, ó ti pa á."

Ohùn Adékọ́lá ti tín-ín-rín. "Kí ló wá jẹ́ báyìí?"

Fíkà béèrè. Ìdáhùn Aaron kò gùn.

"Ó ní bébà lásán ni."

Ohùn kan sọ láti àga iwájú pé, "Háà! Ohun tí Adékọ́lá sọ fún mi nìyẹn lọ́jọ́ tó fi tọ́kì gbà á lọ́wọ́ mi."

Màmá Felicia ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì yíjú sí Adékọ́lá. Ojú tì í, ó wá ibi tó máa wò, kò rí. Délọ́lá ìyàwó rẹ̀ gan-an ń wo òrùlé.

Màmá ṣí ìwé orin wọn, wọ́n sì fa owó kan yọ, ó ti dọ̀tí, etí rẹ̀ ti ká. "Mo yọ eléyìí pamọ́ ní tèmi, torí apẹja ara rẹ̀ jọ ọkọ mi. Òun ni mo fi ń sàmì sí orin."

Aaron sáré fi orí ìka méjì gbà á. Ó wò ó, ó sì jókòó.

Fíkà ní, "Màmá, ó ní òun á rà á, òun ò sì ní dúnàádúrà."

"Ẹ sọ fún un pé mi ò tíì kọrin tán."

Bọ́ọ̀sì ò wá, Adékọ́lá ò joyè, fìlà ń bẹ nínú páálí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Adékọ́lá fi àga iwájú sílẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Ibẹ̀ náà ni Màmá Felicia wá bá a, tàwọn ti kúlà, lójú gbogbo ìjọ. Wọ́n gbé tọ́kì dídì kan lé e lórí itan.

"Ọmọ mi, gba tọ́kì rẹ. Kó bébà ọkọ mi fún mi, bó ṣe wù kó rí."

Adékọ́lá dọ̀bálẹ̀ tòun ti tọ́kì. "Ẹ jọ̀ọ́, màmá. Mo ti jẹ̀bi."

"Mo ti gbọ́, dìde. Ṣùgbọ́n gbé awò rẹ sójú, kó o yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Mi ò fọ̀ ọ́, mi ò sì lọ̀ ọ́."