Ìkéde Òfin Ooru àti Fèrèsé Jagun

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń gúnyán kó dá ọmọ odó dúró. Ẹni tó ń jà kó sinmi díẹ̀, ìjà kò ní sá lọ. Ọba ní kí akéde kí yín, ará Ìgbóòrò, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Òfin kan ti kú láàfin. Ẹ mọ àṣà wa: òfin tó bá kú, a gbọ́dọ̀ kà á tán létí ìlú kí a tó sin ín, kó má baà di àkúdàáyà. Òkú òfin lẹ fẹ́ gbọ́ yìí. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Akéde tún un sọ: òkú ni!

Olóyè Jagun Láṣùpọ̀ ló bí i. Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ooru sì ń já wọ ara rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ ọkọ rẹ̀ fún: kó yọ ìṣó tó fi kan fèrèsé yàrá wọn pa. Jagun kọ̀. Ó ní òtútù kì í ṣe ọ̀rẹ́ orúnkún òun. Dípò kó yọ ìṣó, ó gbé fóònù, ó wo fídíò mẹ́rìnlá, ó sì dìde ní ọ̀mọ̀wé nípa ara obìnrin. Ó sọ fún ìgbìmọ̀ pé họ́mónù ni. Ó pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta kò jọra. Àwọn olóyè mi orí. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kò mọ̀.

Òkú òfin náà nìyí:

Èkínní: obìnrin tó bá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta gbọ́dọ̀ mu omi ewé mòríńgà ife méjì láàárọ̀, kó máa rẹ́rìn-ín bó ti ń mu ún. Ẹni tó bá fajú ro, ife kẹta.

Èkejì: kó fẹsẹ̀ lásán rìn nínú ìrì, kí ilẹ̀ lè fa ooru ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: kó má bínú. Inú bíbí ló ń dáná sí họ́mónù. Ẹni tó bá bínú sí òfin yìí ti rú òfin yìí.

Ẹ̀kẹrin: ṣúgà di èèwọ̀. Àfi ti inú tíì àwọn olóyè.

Ẹ̀karùn-ún: bí ooru bá dé, kó jókòó, kó mí sínú, kó mí síta, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣí fèrèsé yóò gbá ojú ọjà fún oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta o!

Bó ṣe wà láàyè nìyẹn. Ẹ gbọ́ bó ṣe kú.

Nílùú yìí, ẹni tó bá mú oògùn wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú gbogbo ènìyàn. Jagun gbà. Ó tilẹ̀ wọ agbádá tuntun fún un. Ó mu mòríńgà, ó rẹ́rìn-ín. Ó rin ìrì, ó gbọn ẹsẹ̀. Ìyálóde Moróunkẹ́jì wá là á yé e wọ́ọ́rọ́wọ́: "Jagun, ọmọ mi, o tọ́ oògùn wò, o ò tíì tọ́ àìsàn wò. Ta ló ń dán oògùn ẹ̀fọ́rí wò lórí tí kò fọ́?"

Ìgbìmọ̀ rò ó, wọ́n ní kí Jagun tọ́ ooru náà wò.

Wọ́n mú Jagun lọ sí ibi tí Wúràọlá ti ń yan gàrí. Wọ́n mú un jókòó sáàárín ààrò méjì, agbádá lọ́rùn, kúbùsù lórí agbádá. Wọ́n ti fèrèsé. Bí ara rẹ̀ bá ti ń fẹ́ balẹ̀, Wúràọlá á tún ti igi sínú iná. Kì í sọ kó tó tì í. Ooru tirẹ̀ náà kì í sọ.

Jagun mí sínú. Ó mí síta.

"Kú ìsinmi o," ni Ìyálóde wí. "Ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ?"

Ìyá ẹlẹ́kọ ìsàlẹ̀ ọjà ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i, bàbá. Ojú yín ti ń ro."

Jagun ní òun kò bínú. Òrùlé mì bó ti ń sọ ọ́. Akọ̀wé ọba kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti rú òfin kẹta.

Wúràọlá kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbọn gàrí ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó ní, "Baálé mi, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe fún yín?"

Mòríńgà fò lọ lórí Jagun. Họ́mónù fò tẹ̀ lé e. Ó nawọ́ sí fèrèsé. "Wúrà, jọ̀ọ́, bá mi ṣí i."

"Èyí kò ní ìṣó," ni Wúràọlá wí, ó sì ṣí i.

Ibẹ̀ ni òfin kú sí.

Òfin tuntun rèé, ààyè ni!

Èkínní: ẹ̀fọ́ dára, ìrìn ẹsẹ̀ dára, oorun àsùngbádùn dára. Ẹni tó bá wù kó mu mòríńgà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ lára rẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró fún ọdún kan, tàbí tí ooru kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́, kó lọ bá nọ́ọ̀sì. Kó má lọ bá Jagun.

Èkejì: ọkùnrin kò gbọdọ̀ pe họ́mónù lẹ́nu kó tó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tó ń fẹ́. Ẹni tó bá rú u, ààrò méjì ń dúró dè é!

Ẹ̀kẹta: Jagun fúnra rẹ̀ ni yóò yọ ìṣó fèrèsé rẹ̀. Mẹ́sàn-án ni. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn ààfin yẹn kì í ṣe káfíńtà. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ohun ìbora nítorí orúnkún rẹ̀, Wúràọlá sì ti fún un. Kúbùsù ìdí ààrò náà ni.

Ọba ló ní kí akéde wí bẹ́ẹ̀. Ìyálóde ló ní kó má fo ìlà kankan. Ẹni tó gbọ́ kó wí fún aládùúgbò rẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ kó wo fèrèsé Jagun.