Ohun Tí Gbùrù Baálẹ̀ Jáyéọlá Fà Jáde

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń pa á lówe pé bí a bá fa gbùrù, gbùrù á fa igbó, ṣé ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ fà á? Gbùrù ni ìtàkùn tó nípọn yẹn, tí ẹ ó rí orí rẹ̀ lára igi kan, tí ẹ kò sì ní mọ ibi tó parí sí. Baálẹ̀ ni ẹni tó fà á. Jáyéọlá ni orúkọ rẹ̀, abúlé Ìdí-Àràbà ló sì ń ṣàkóso.

Odò kan wà láàárín Ìdí-Àràbà àti ọjà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹnikẹ́ni lè fẹsẹ̀ là á kọjá. Bí òjò bá ti dé, ó di nǹkan mìíràn. Ìyá Dúródọlá tó ń mọ ìkòkò ló mọ̀ ọ́n jù, nítorí odò náà gbé ẹrù ìkòkò rẹ̀ lọ lódún tó kọjá, díẹ̀ ló sì kù kó gbé òun náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé igi ńlá kan, tí wọ́n ní àwọn yóò wọ́ ọ lọ dábùú odò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe é. Ẹ mọ òfin ọ̀wẹ̀: a kì í gbowó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹun. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan dá iṣu. Ìyá Dúródọlá fa òbúkọ kan ṣoṣo tó ní kalẹ̀, ó ní, "Kí n pàdánù òbúkọ sàn ju kí n tún pàdánù ìkòkò." Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún Baálẹ̀ pé kó bá àwọn tọ́jú rẹ̀.

Baálẹ̀ tọ́jú rẹ̀. Ó tọ́jú rẹ̀ débi pé nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ pé, kò sí ẹni tó rí i mọ́.

"Ẹkùn ti jẹ òbúkọ," ló wí fún wọn létí odò, ó fajú ro.

"Iṣu ńkọ́?" Àkàngbé ló béèrè, ẹni tó máa ń dá ariwo iṣẹ́ fún wọn.

"Ẹkùn náà ni."

"Ẹkùn jẹ iṣu?"

"Ebi ń pa á, Àkàngbé. Ṣé o ti rí ẹkùn tí ebi ń pa rí?"

Àkàngbé kò rí i rí, ó bá mú okùn. Wọ́n so okùn mọ́ igi, wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn, Àkàngbé sì pariwo pé kí wọ́n fà. Gbogbo wọn hó. Ẹni tó bá wà ní abúlé kejì yóò rò pé òkè ni wọ́n ń ṣí nídìí. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò sí oúnjẹ, ṣe ni wọ́n rọra di okùn náà mú bí ẹni tó di ọwọ́ ìyá ìyàwó rẹ̀ mú. Ariwo ń ṣiṣẹ́, apá ń sinmi. Igi kò mira.

Bí wọ́n ṣe dákẹ́ láti mí, ohùn kan jáde láti inú igbó: mẹ̀ẹ̀ẹ̀.

"Baálẹ̀," ni Ìyá Dúródọlá wí, "kí nìyẹn?"

"Ẹkùn ni."

"Ẹkùn ń ké mẹ̀ẹ̀ẹ̀?"

Baálẹ̀ wúkọ́. "Òbúkọ tó gbé mì lẹ ń gbọ́. Ohùn kì í tètè dà nínú. Ẹran ti dà, ohùn ló kù."

Àwọn kan tilẹ̀ mi orí pé òótọ́ ni, nítorí ẹni tó sọ ọ́.

Baálẹ̀ yára yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní okùn wọn ni kò dára, pé gbùrù tó so rọ̀ létí igbó lọ́hùn-ún ló lè wọ́ igi bẹ́ẹ̀. Àkàngbé ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú àdá wọlé lọ gé e nídìí.

"Kí ẹnikẹ́ni má wọnú igbó yẹn," ni Baálẹ̀ wí. "Ẹkùn ò tíì kúrò níbẹ̀. Láti ìta la ó ti fà á."

Ó ká gbùrù mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì fà. Ewé mì lókè, tanpẹ́pẹ́ bá já bọ́ sínú ọrùn agbádá rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe Baálẹ̀ kò lè máa họ ara níwájú ará ìlú, nítorí náà ó kígbe pé kí wọ́n wá ran òun lọ́wọ́. Wọ́n sáré wá. Gbogbo agbára tí wọ́n fi du igi, wọ́n lò ó fún gbùrù, nítorí wọ́n fẹ́ rí ẹkùn tó ń jẹ iṣu.

Gbùrù le tantan. Ẹ̀ka gbígbẹ kan tó lọ́ mọ́ dá, ó wó lu àtíbàbà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Àtíbàbà tẹ̀ lé gbùrù bọ̀. Iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri wá sísàlẹ̀, ọ̀kan ń lé èkejì.

"Baálẹ̀," ni Ìyá Dúródọlá wí, "ẹkùn ti ń bì."

Wọ́n tún fà á. Òbúkọ Ìyá Dúródọlá ló yọ níparí, pẹ̀lú gbùrù lọ́rùn. Baálẹ̀ ṣahun okùn nígbà tó ń fi í pamọ́, gbùrù tó rí nítòsí ló so ó mọ́. Báwo ni ìbá ṣe mọ̀ pé orí kejì rẹ̀ lòun dì mú létí igbó?

Òbúkọ rí èrò, ẹ̀rù bà á, ó yí padà sínú igbó. Gbogbo ènìyàn jọ̀wọ́ gbùrù. Baálẹ̀ nìkan ni kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀, torí ó ti ká a mọ́wọ́. Òbúkọ fà á, ó sì tẹ̀ lé e, agbádá, fìlà àti gbogbo oyè rẹ̀.

Kò pẹ́ tí igbe gbalẹ̀ láti inú igbó. Àkàngbé tẹ́tí sílẹ̀.

"Ẹkùn tún ti gbé ẹlòmíràn mì," ló wí. "Ohùn rẹ̀ kò tíì dà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín tán kí wọ́n tó lọ tú u sílẹ̀. Wọ́n se iṣu, wọ́n se òbúkọ, wọ́n yó. Okùn tí Baálẹ̀ ní kò dára ni wọ́n wá fi wọ́ igi náà dábùú odò. Nígbà tí òjò dé, Ìyá Dúródọlá gbé ìkòkò rù, ó rìn kọjá lórí rẹ̀, ọ̀kan kò fọ́.

Nígbà tí àwọn àgbà jókòó lé ọ̀rọ̀ Baálẹ̀ lórí, ara rẹ̀ ṣì wú níbi tí tanpẹ́pẹ́ ti jẹ ẹ́. "Gbùrù lásán ni mo fà," ló ń wí.

Wọn ìbá mú òbúkọ wá ṣe ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ikùn wọn ló wà. Wọ́n kàn wí fún un pé, "Baálẹ̀, a ti gbọ́. Bí a bá fa gbùrù, gbùrù á fa igbó."