Ìdérí Táńkì Alhaja

Ọjọ́ mẹ́rin kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi títí wọn á fi gbé mi sin, bẹ́ẹ̀ èmi ò fẹ́ràn kí n máa sọ ọ̀rọ̀ ara mi. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ ló ní kí n sọ ọ́. Ó dáa. Mi ò kàwé, àmọ́ mo mọ ọkọ̀. Ohun tí mo máa ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn, kí ọkọ̀ Alhaja tó dé.

Mẹkáníìkì ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lọ́nà Ìjagun, lábẹ́ igi mángòrò kan. Múfú ṣí tiẹ̀ sí òdìkejì títì. Ọmọ iṣẹ́ mi ni Múfú. Ọdún mẹ́fà ló lò lọ́dọ̀ mi, èmi ni mo ṣàdúrà fún un lọ́jọ́ tó gba fíríìdọ̀mù, èmi náà ni mo fi spánà lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Èkó, tó fi gbé kọ̀ǹpútà kan dé. Wọ́n á ki wáyà rẹ̀ sára ọkọ̀, ó máa sọ ohun tó ń ṣe é. Mo ní etí ni wọ́n fi ń gbọ́ àìsàn ọkọ̀. Inú ò bí mi o. Mi ò kàn gba ti ẹ̀rọ yẹn ni.

Ọjọ́ Àlàrùbá ni Alhaja dé. Aṣọ ló ń tà n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, ó sì máa ń kó o lọ sí Ìmùṣin. Oníbàárà mi ni láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé. Iná kan tàn níwájú sitiarín rẹ̀, ó rí bí ẹ́ńjìnì kékeré, àwọ̀ rẹ̀ bí ọsàn tó pọ́n. Kì í ṣe ìyẹn ló ń dun Alhaja jù.

"Bàbá, òórùn epo ló ń pa mí lọ. Ó ti wọ inú léèsì mi. Obìnrin kan dá tiẹ̀ padà fún mi, ó ní ṣé ilé epo ni mo ti lọ rà á wá ni."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí, wọn kì í jẹ́ kí ooru epo inú táńkì jáde síta. Páìpù ló ń gbà á lórí táńkì, ó ń gbé e lọ sínú agolo kan tí èédú wà nínú ẹ̀, ẹ́ńjìnì á wá fà á jẹ níbẹ̀. Bí ibì kan bá ń jò, iná á tàn, òórùn á jáde. Mo mọ èyí dáadáa. Múfú ló sọ ọ́ fún mi, mo kàn ń mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni.

"Ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀, Alhaja. Kó tó di Sátidé, màá ti rí ibi tó ń jò."

"Ṣé ó dá yín lójú? Sátidé ni mò ń kẹ́rù lọ sí Ìmùṣin o. Bí kò bá ní ṣeé ṣe, kí n kúkú gbé e sọdá sọ́dọ̀ Múfú."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi níhà. Mo ní, "Múfú wo? Bí Múfú bá rí ohun tí èmi ò rí, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lójú títì yìí!"

Sàlíù panẹbítà, tí òun náà ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mángòrò mi, gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. "A gbọ́ o! Gbogbo wa la gbọ́ o!"

Èmi tí mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ wá wo ọjọ́ tí mo yàn láti sọ ọ́.

Láàárọ̀ Àlàmísì, mo wọ abẹ́ ọkọ̀, mo fi imú tọ páìpù láti ẹ̀yìn dé iwájú. Gbogbo ibẹ̀ ló ń rùn. Mo wá rántí bí fọkanáísà ṣe ń mọ táyà tó jò. Mo ṣí ìdérí táńkì, mo fi í sí àpò ṣòkòtò mi kó má bàa sọnù. Mo gé túùbù táyà, mo dì í mọ́ ẹnu táńkì gírígírí, mo ti ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ fọkanáísà bọ̀ ọ́. Mo po ọṣẹ dúdú, mo fi ra gbogbo páìpù abẹ́ ọkọ̀. Mo fún afẹ́fẹ́ sí i. Bí ibì kan bá ń jò, ọṣẹ á hó níbẹ̀.

Kò hó. Mo tún fi ọṣẹ kún un. Kò hó.

"Bàbá," Sàlíù ló ń pè mí, "ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ fi ọkọ̀ yìí ṣe ni? Ẹ ti wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí."

Mo ní yóò jò lónìí ni, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Mo tún fún afẹ́fẹ́ sí i. Táńkì náà ró "gbì." Mo bẹ̀rẹ̀ kí n wo ohun tó ń ró. Àṣìṣe mi nìyẹn. Túùbù já lójijì, epo sì tú jáde, ó bá mi láti orí dé ìdí. Fìlà mi fò dé ẹsẹ̀ Sàlíù. Ẹlẹ́ran tó ń kọjá kó ewúrẹ́ rẹ̀ sá.

Mo nawọ́ sí ọlọ́kadà, ó dúró. Ó gbóòórùn mi, ó wo ẹ́ńjìnì rẹ̀ tó gbóná, ló bá lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé. Ìyàwó mi ń se ìkókoré lórí iná igi. Bó ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo, "Ẹ dúró síbẹ̀! Ẹ má sún mọ́ iná mi o, Bàbá Kúdí! Ẹ fẹ́ sun gbogbo wa ni?"

Ẹ̀yìnkùlé ni mo ti wẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, bí mo ṣe wẹ ọkọ̀ Alhaja. Ojú fèrèsé ló ti gbé oúnjẹ fún mi, ó na ọwọ́ jìnnà bí ẹni tó ń bọ́ ajá tó ń gé èèyàn jẹ.

Ọjọ́ kejì ni Jímọ̀. Láàárọ̀ mo tú agolo èédú yẹn, mo yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan tó ṣe é, mo dá a padà. Mo tún wẹ̀, mo wọ aṣọ funfun, mo lọ kírun. Mo rò pé òórùn ti lọ. Lèmọ́mù ní kí a tò, kí a sún mọ́ra, kí ẹnikẹ́ni má fi àyè sílẹ̀. Mo sún mọ́ ẹni tó wà lọ́tùn-ún mi. Ó sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀. Mo tún sún mọ́ ọn, torí bí ẹ̀sìn ṣe wí nìyẹn. Ó tún sún. Báyìí ni mo ṣe lé ọkùnrin náà títí ó fi kan ògiri, tí kò rí ibi tó máa sá sí mọ́. Nígbà tí a kírun tán, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti ń ta epo ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi gálọ́ọ̀nù kan pamọ́."

Ẹlòmíì á ti lọ bá Múfú. Èmi kọ́. Láti ìgbà tí a kírun tán títí di ìrọ̀lẹ́, mo pààrọ̀ gbogbo rọ́bà inú ọkọ̀ náà, kékeré àti ńlá. Nígbà tí mo ṣe tán, mo mú ìdérí táńkì jáde nínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ mi, mo nù ún dáadáa, mo dé e títí ó fi ró kẹ́kẹ́kẹ́. Mo tan ẹ́ńjìnì. Iná ọlọ́sàn yẹn ń wò mí. Òórùn náà ò lọ.

Nígbà tí Alhaja dé láàárọ̀ Sátidé, ó fa imú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ ọkọ̀, ó gbé e sọdá títì. Mo tẹ̀ lé e, kí wọ́n má bàa sọ pé mo sá. Sàlíù tẹ̀ lé mi, kí n má bàa sá.

Múfú kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó gbé àga fún mi. Kọ̀ǹpútà náà kò sọ ibi tó ń jò, ó kàn ní ó ń jò ni. Inú mi dùn díẹ̀. Àmọ́ Múfú tún gbé nǹkan mìíràn jáde, ẹ̀rọ kan tó ń mú èéfín funfun jáde láìsí iná. Ó fi rọ́bà rẹ̀ bọ páìpù kan níwájú ẹ́ńjìnì, ó jẹ́ kí èéfín máa wọ inú ọkọ̀ lọ. A dúró. Kò sí nǹkan lábẹ́. Kò sí nǹkan níwájú. Ó rìn lọ sẹ́yìn, ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó bo ìdérí táńkì.

Èéfín ń bọ́ jáde láàárín ìdérí, tín-ín-rín, bí ẹni pé ìdérí náà ń mu sìgá.

Múfú fi àtàǹpàkò dí i. Èéfín dúró. Ó gbé ọwọ́ kúrò, ó tún ń jáde. Ihò ìṣó ni. Múfú wò mí. Mo wo bàtà mi.

Torí àwa méjèèjì la mọ ọwọ́ tó lu ihò yẹn. Nígbà tiwa, bí táńkì ọkọ̀ ò bá rí afẹ́fẹ́ fà, epo ò ní wá, ọkọ̀ á kú sójú ọ̀nà. Gbogbo ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, ọ̀gá á ti ìṣó bọ iná, á fi lu ìdérí rẹ̀, kí táńkì lè máa mí. Ọ̀gá mi kọ́ mi, èmi náà kọ́ Múfú. Nígbà tí Alhaja kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ yìí wá, ní oṣù tó ṣáájú, mo lu tiẹ̀ kí n tó béèrè ohun tó ń ṣe é. Ó ti mọ́ ọwọ́ mi lára ni. Lọ́jọ́ tí mo sì ń fi ọṣẹ wá ibi tó ń jò kiri abẹ́ ọkọ̀, inú àpò mi ni ó wà!

Alhaja béèrè pé, "Kí ló ṣe é, Múfú?"

"Ìdérí yìí ló ti gbó, Alhaja. Ẹ lọ jókòó síbòòji, mo ní tuntun nílé."

Ti gbó. Ó lè sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, kò sọ ọ́. Mo dìde, mo ká bùbá mi sókè.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Mo ti sọ ọ́. Sàlíù gbọ́."

"Mo gbọ́ o," Sàlíù wí.

Mo ti tẹ orúnkún kan ba nígbà tí Múfú la ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, nínú ọ́ìlì. "Ẹ má fi mí gégùn-ún, Bàbá! Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́!" Mo ní kó dìde. Ó ní kí n kọ́kọ́ dìde. Mi ò lè dìde, ìbàdí mi ti dì. Mo rọra sùn ti ọmọ iṣẹ́ mi síbẹ̀, àyà nílẹ̀, ojú ko ojú.

Alhaja yíjú padà. "Kí ló jábọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì ń wá?"

"Nọ́ọ̀tì ni, Alhaja," Múfú dáhùn láti ilẹ̀.

Alhaja sì káṣọ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá wa wá nọ́ọ̀tì lábẹ́ ọkọ̀. Sàlíù di òpó mú, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Iná náà kú. Òórùn náà lọ. Nígbà tí Alhaja ti Ìmùṣin dé, mo lọ bá a nílé, mo sọ òótọ́ fún un. Ó ní, "Bàbá, láti ìgbà yìí, bíréèkì nìkan lẹ ó máa bá mi ṣe." Bẹ́ẹ̀ náà la sì ṣe ń ṣe é títí dòní. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí yí ìlú ká, mò ń bẹ àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n wo ìdérí táńkì wọn. Mo lu púpọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ.

Ohun tí mo kọ́ kò gùn. Bí nǹkan bá ń jò, kọ́kọ́ wo ibi tí ọwọ́ ìwọ fúnra rẹ ti kàn. Ìdérí Alhaja ṣì wà lára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi. Ìṣó tí mo fi lù ú náà ni mo fi kàn án mọ́ ibẹ̀, kò sì nílò ihò tuntun. Bí Múfú bá ń kọjá lójú títì, tó rí i, á dọ̀bálẹ̀ láti ọ̀hún, á ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti rí nọ́ọ̀tì yẹn?" Mo máa ń yíjú sí ògiri ni, kó má bàa rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín.