Oyún Tí Mo Gbé Lọ sí Igbóbì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ di arúgbó kùjọ́kùjọ́: ọjọ́ tí mo di aboyún láàárọ̀ ní Bàrígà, tí mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ kí n tó dé Igbóbì. Ẹ má tíì máa wá bàbá ọmọ. Sẹ́ẹ̀lì ni mo gbé.

Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, òun ni mò ń ṣe ìwádìí lé lórí kí n lè gboyè ọ̀mọ̀wé. Sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá a máa gba ọ̀rá tó bá nílò láti inú ẹ̀jẹ̀. Ti jẹjẹrẹ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Á se ọ̀rá tirẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì tún fi díẹ̀ pamọ́. Èmi fẹ́ mọ ohun tí yóò ṣe bí a bá ti ilé ìdáná rẹ̀ pa. Kí n tó lè ṣe ìyẹn, mo ní láti kọ́kọ́ gba ọ̀rá òde lẹ́nu àwọn sẹ́ẹ̀lì náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹní ń já ọmọ lẹ́nu ọmú. Ọ̀pọ̀ oṣù ló gbà mí, ìgò kan ṣoṣo ló sì là á já. Bí ìgò yẹn bá kú, iṣẹ́ mi kú nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni tiransifọ́mà àdúgbò bú gbàmù. Jẹnẹrétọ̀ yàrá ìwádìí wa náà ní òun ò ṣe. Ẹ̀rọ tó ń mú sẹ́ẹ̀lì móoru bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Mo pe ọ̀gá mi, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀rọ tó ń lo sólà ní Igbóbì," ni wọ́n wí. "Gbé e lọ báyìí. Má jẹ́ kó tutù o."

Kí ló wá móoru tó ara èèyàn? Mo da omi oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, kún ìgò náà, mo dé e, mo gbé e lé ikùn, mo fi ọ̀já wé e mọ́ra léraléra lábẹ́ búbù, títí ikùn mi fi yọ bí ti aboyún. Ọgbọ́n mi wù mí. Ohun tí mi ò rántí ni pé nínú ẹ̀rọ, a kì í dé ìgò pinpin, kí atẹ́gùn lè wọlé. Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́, bí mo sì ṣe máa ń dé e náà ni mo dé e.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìyá kan tó ń ránṣọ ní Pedro sún fún mi. Wọ́n wo ikùn mi. "Ọmọ mi, oṣù mélòó ni?"

Bí mo bá ní kí n ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ á pọ̀. "Ó ti ń súnmọ́lé, mà."

Wọ́n gbé ọwọ́ lé búbù mi. "A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ." Mo ṣe àmín. Kí ni ǹ bá tún wí?

A ò tíì rìn jìnnà tí kẹ̀kẹ́ fi já sí kòtò. Nǹkan lọ́wọ́ọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sí ẹsẹ̀ mi. Màmá wolẹ̀, wọ́n rí i pé ó pupa.

"Awakọ̀, omi ẹ̀ ti já. Yà sí ilé ìgbẹ̀bí tó wà ní Ṣómólú yẹn."

"Rárá mà, kì í ṣe..."

"Dákẹ́. Àkọ́bí ni, àbí? Ẹ̀yin alákọ̀ọ́bí kì í mọ̀."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, mò ń wá bí mo ṣe máa lọ́ ìdérí ìgò náà le láti orí búbù. Màmá rò pé ìrọbí ni. "Má tíì ti ọmọ o," ni wọ́n ń bẹ̀ mí, "jẹ́ ká débẹ̀ ná."

Nígbà tí a dé ilé ìgbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì àgbà ká búbù mi sókè, wọ́n tú ọ̀já, wọ́n sì yọ ìgò pẹlẹbẹ kan jáde.

"Kí lèyí?"

"Sẹ́ẹ̀lì ni, mà. Ti jẹjẹrẹ ìfun."

Màmá gbé ọwọ́ kúrò léjìká mi bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná. "Jẹjẹrẹ ni mo ń gbàdúrà fún láti Bàrígà?"

Ojú tì mí débi pé ilẹ̀ ì bá gbé mi mì. Ṣùgbọ́n ìgò ń tutù, ìtìjú ò sì lè mú un móoru. Mo gbà á lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, mo dé e pinpin, mo dá a pa dà sí ikùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, kò lè ràn yín. Òun ló pa bàbá mi. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe máa febi pa á. Tó bá kú lónìí, mi ò ní mọ nǹkan kan." Inú ń bí mi sí tiransifọ́mà, ó ń bí mi sí kòtò, ó sì ń bí mi sí èmi gan-an. Mi ò ṣáà ní pa dà sílé.

Nọ́ọ̀sì bá mi so ọ̀já náà le. Màmá ti jáde, mo rò pé wọ́n ti bínú lọ. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo bá wọn.

"Wọlé, ká lọ," ni wọ́n wí. "Mi ò gbàdúrà fún kiní yẹn mọ́ o. Ìwọ ni mò ń gbàdúrà fún."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Igbóbì. Èyí tó pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì náà ti kú. Nígbà tí mo wo ìwọ̀nba tó yè lábẹ́ ẹ̀rọ awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ọ̀rá ló kún inú wọn, bí ilé ẹni tó ti gbọ́ pé ìyàn ń bọ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sìn wọ́n láti orí ìwọ̀nba yẹn.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kéèyàn dé ìgò ẹ̀ pinpin kó tó jáde nílé, bí wọ́n bá sì bi í pé oṣù mélòó, kó yáa sọ òótọ́. Títí di òní, bí awakọ̀ kẹ̀kẹ́ náà bá rí mi ní Pedro, á ní, "Àǹtí, ọmọ ńkọ́?" Màá rẹ́rìn-ín, màá ní ó ń dàgbà. Òótọ́ sì ni. Mò ń fún un lóúnjẹ, mò ń ṣọ́ ọ kí òtútù má mú un, kí n lè rí ọ̀nà tí n ó gbà pa á.