Àbúrò Tí Ìyá Mi Kò Bí

Bí mo tilẹ̀ pẹ́ láyé tó ọgọ́rùn-ún ọdún, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi, ọjọ́ tí mo fi ẹnu ara mi bí àbúrò tí ìyá mi kò bí. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lè jókòó dáadáa. Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ ọ́, mi ò sì ní fi ohunkóhun pamọ́.

Tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Ilé-Ifẹ̀, Òkèrèwè ni mo sì ń gbé. Lọ́dún náà, nǹkan kan ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí. Ẹ má bi mí pé kí ló fà á. Kò sẹ́ni tó kú, ọkọ mi ò lé mi jáde, àwọn ọmọ mi ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, àyà mi á máa já, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, á sì dà bíi pé ẹnìkan gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé mi láyà. Mo lè wọ bàtà ẹsẹ̀ kan kí n sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fún odindi wákàtí kan, tí mi ò ní rántí wọ èkejì. Lọ́jọ́ kan, mo kọ ìṣirò sójú pátákó, mo yíjú sí àwọn ọmọ, mi ò sì mọ ohun tí mo ń kọ́ wọn mọ́. Mo ní kí wọ́n lọ máa ṣeré níta. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn nìkan ni inú wọn dùn sí àìsàn mi.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní kò sí ohun tó ṣe àyà mi, pé àìbalẹ̀ ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ni, kí n wá olùdámọ̀ràn tí mo lè máa bá sọ̀rọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo lọ bá jẹ́ ọkùnrin kan tó de táì, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lọ́nà Ìrẹmọ. Ó gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó sọ orúkọ mi tán. Nígbà tí mo bú sẹ́kún, ó wò mí lọ wò mí bọ̀, ó ní, "Màdáámù, ẹ ṣáà máa dúpẹ́. Àwọn kan ò tilẹ̀ rí ilé gbé." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà, mo sì jáde. Lójú ọ̀nà ni inú ti bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Mo ní irọ́ ni, mi ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó láàánú tó mọ iṣẹ́ yìí bá wà nínú ìlú yìí, màá rí i, bó bá gba pé kí n máa kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan.

Nọ́ọ̀sì kan ló wá júwe ilé ìwòsàn kékeré kan fún mi. Ẹnu mi ti le, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ò le tó ẹnu mi. Mo wọ jígí dúdú, mo fi ìborùn bo orí títí dé ìpéǹpéjú, mo sì sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ máruwá níbi tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tí mò ń lọ. Jígí náà ṣókùnkùn débi pé mo kúnlẹ̀ kí òpó iná kan, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà."

Bí mo ṣe wọlé síbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà báyìí, ẹni tí ojú wa kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin ni ìyá ọmọ kan ní kíláàsì mi.

"Háà, Tíṣà wa! Ẹ káàárọ̀ mà! Ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi yá! Ara mi yá dáadáa! Ìpàdé… ìpàdé ni mo wá ṣe."

Mo ṣí ilẹ̀kùn tó sún mọ́ mi jù lọ, mo sì kó wọnú ibẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan, ìpàdé ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lóòótọ́. Bí ẹni mẹ́wàá jókòó yípo, gbogbo wọn ló ń tọ́jú èèyàn wọn tí ìrònú tàbí ẹ̀rù ń dà láàmú nílé. Ìyá kan tó ti hu ewú, tó wọ búbá àǹkárá àti bàtà kánfáàsì, wà láàárín wọn. Màmá Ronkẹ́ ni wọ́n ń pè é, òun ni olùdámọ̀ràn ibẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó," ó ní. "Ta lẹ̀ ń tọ́jú?"

Mo lè sọ pé mo ṣìnà ni. Mo tilẹ̀ lè sọ òótọ́. Àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Àbúrò mi obìnrin ni, mà."

"Kí ló ń ṣe é?"

Ni gbogbo rẹ̀ bá tú jáde: àyà tó ń já, bàtà ẹsẹ̀ kan, ẹkún tí mo máa ń lọ sun ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn tíṣà. Màmá Ronkẹ́ ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Kò wo aago, kò sì wo fóònù. Nígbà tí mo dákẹ́, ó mí kanlẹ̀.

"Àbúrò yín mà gbìyànjú o," ó ní. "Pẹ̀lú gbogbo ẹrù yìí, ó ṣì ń jí lọ síbi iṣẹ́."

Omi bọ́ lójú mi lábẹ́ jígí. Láti ìgbà tó ti ń ṣe mí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé mo gbìyànjú. Ó ní kí n mú àbúrò mi wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí mo ṣe rí ẹni tí mò ń wá nìyẹn o, tí mo sì ti fi ẹnu ara mi sọ pé kì í ṣe èmi ni mo nílò rẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́n á padà lọ jẹ́wọ́. Èmi lọ yá àbúrò. Ọ̀rẹ́ mi kan wà, Ṣadé, aránṣọ ni ní Ìlárè, mo sì fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ṣe àbúrò mi.

"Àǹtí mi, ṣé pé kí n kàn jókòó, kí ẹnìkan máa gbọ́ mi?" ó bi mí.

"Ó tán."

Ó gbà kíákíá. Kíákíá tó gbà yẹn ì bá ti yà mí lẹ́nu. Mo kọ ohun tó ń ṣe mí sínú ìwé fún un, mo ní kó kọ́ ọ sórí bí àwọn ọmọ ṣe ń kọ́ ìsọdipúpọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Màmá Ronkẹ́ mú Ṣadé jókòó sórí àga tìmùtìmù, ó ní kí èmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àga yẹn wù mí bí omi tútù. Mo fara dà á.

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló máa ń le jù, mà," Ṣadé bẹ̀rẹ̀. "Tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí ilé dákẹ́."

"Òwúrọ̀ ni!" mo ké láti orí bẹ́ǹṣì. "Ó gbàgbé ni, mà. Àràárọ̀ ni."

"Ọwọ́ mi á kàn kú tipiri, mi ò ní lè fi okùn bọ abẹ́rẹ́."

"Gbígbọ̀n ló ń gbọ̀n! Ṣadé, gbígbọ̀n!"

"Ẹkún ló wá burú jù, mà. Ó máa ń wù mí kí n sunkún, àmọ́ ẹkún kì í wá. Ẹ̀rín ló máa ń wá."

Kì í ṣe ohun tí mo kọ nìyẹn. Gbogbo máàkì ni ọmọbìnrin yìí ń pàdánù! Mo fò dìde.

"Irọ́ ni, mà! Ojoojúmọ́ ló ń sunkún! Mo mọ̀ torí pé èmi ni! Èmi ni mò ń ṣàìsàn! Mi ò ní àbúrò kankan, èmi ni àbígbẹ̀yìn ìyá mi! Mi ò ya wèrè, mi ò sì ní tijú mọ́! Ṣadé, dìde, àga mi nìyẹn!"

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Gbogbo àwọn tó jókòó níta ló na ọrùn wò mí.

Ṣadé ò dìde. Ó di apá àga náà mú.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù," ó ní. "Mi ò tíì parí ni."

"Parí kí ni?"

"Tèmi."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dúró, ó yí padà lẹ́nu rẹ̀, ó di ẹkún. Mo rọra jókòó padà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin yìí ní gbogbo Sátidé. Èmi á máa rojọ́, òun á máa ránṣọ, á máa rẹ́rìn-ín. Mi ò bi í rí pé báwo ni.

Màmá Ronkẹ́ fún un ní áńkáṣíìfù, ó wá yíjú sí mi. "Mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ó ní. "Bàtà àbúrò yín tí ẹ sọ, ẹ sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹ sọ fún mi pé ó máa ń ta á lẹ́sẹ̀ òsì. Ẹni tó wọ bàtà ló ń mọ ibi tó ti ń ta á." Ó bọ́ síta fúnra rẹ̀, ó gbé àga mìíràn wọlé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ṣadé. "Ẹ jókòó. Àga kì í wọ́n wa níbí."

Láti ọjọ́ náà la ti jọ ń lọ, kálukú pẹ̀lú àkókò tirẹ̀. Mi ò ní pa irọ́ míì fún yín: àyà mi ṣì ń já lọ́jọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun tí mo lè ṣe tó bá dé, bàtà méjèèjì ni mo sì ń wọ̀ jáde. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé bí èèyàn bá ń wá ẹni tí yóò gbọ́ òun, kó fi orúkọ ara rẹ̀ wá a, kó sì yíjú wo ẹni tó jókòó tì í.

Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ilé ìwé. Ìwé kan wà tí a máa ń kọ ibi tí à ń lọ sí kí a tó jáde, gbogbo tíṣà ló sì ń kà á. Mo kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: "Mò ń lọ rí olùdámọ̀ràn nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn." Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màdáámù, ẹ má kọ ọ́ báyìí. Ẹ kàn kọ pé ọ̀rọ̀ ara ẹni ni."

"Sà," mo ní, mi ò sì rẹ ohùn tèmi sílẹ̀, "ara mi le koko. Ọkàn mi ni mò ń gbé lọ."

Mo jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó di ẹnu géètì kí n tó rántí pé mi ò tíì buwọ́ lu ìwé náà. Mo padà wọlé, mo buwọ́ lù ú lójú gbogbo wọn.